Òkúta wẹ́wẹ́ ń fọ́ gíláàsì iná àfikún iwájú MGB mi, kí lẹ̀yin ń fi bò tiyín?

MGB_Aláwọ̀Ewé
Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo mọ̀ pé àwa Yorùbá tó ń wa ọkọ̀ àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí ò pọ̀, ìdí tí mo fi gbé e wá síbí nìyẹn, torí níbòmíì tí mo bá ti béèrè, wọ́n á ní kí n lọ ra tuntun, bẹ́ẹ̀ irú gíláàsì yẹn gan-an, èèyàn máa wá a títí. MGB GT ni mo ní, ti ọdún 1971. Iná Lucas méjì wà níwájú ẹ̀, lórí irin tó dábùú lókè bọ́ńpà, àwọn tí wọ́n kọ SLR sí lára, ti ọ̀nà jíjìn nìyẹn. Kí n má parọ́, àwọn iná yẹn ló jẹ́ kí n ra ọkọ̀ náà.

Sátidé tó kọjá mo ń bọ̀ láti Derbyshire, mo gba títì kan tí káńsù ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọ̀dà sí tí wọ́n wá fọ́n òkúta wẹ́wẹ́ lé e lórí, tírélà kan wà níwájú mi, mò ń tẹ̀lé e jẹ́jẹ́. Àfi "kọ́!" Mo rò pé gíláàsì iwájú ni, mo wò ó, kò ṣe nǹkan kan. Ìgbà tí mo délé ni mo rí i. Iná ọwọ́ òsì. Ojú ibi tó bà ò ju hóró ẹ̀wà lọ, ṣùgbọ́n ó ti ya ẹsẹ̀ mẹ́ta bí ẹsẹ̀ adìyẹ, ọ̀kan ti fẹ́ẹ̀ dé etí. Òjò rọ̀ mọ́jú Mọ́ńdè, ilẹ̀ mọ́, omi ti wà nínú ẹ̀. Ó dùn mí gan-an. Ṣé nẹ́ẹ̀tì onírin ni kí n fi sí i ni, ṣé ike ni, àbí fíìmù tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú gíláàsì yẹn? Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ kí èkejì náà lọ.

Ẹ̀gbọ́n_Kent
Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò. Kí a tó dórí ohun tí wọ́n fi ń bo iná, báwo lo ṣe jìnnà sí tírélà yẹn tó? Wo bó ṣe máa ń rí. Táyà á gbé òkúta nílẹ̀, á jù ú sókè, òkúta yẹn fúnra ẹ̀ lè má sáré rárá, ìwọ lò ń sáré lọ pàdé ẹ̀. Tó o bá ń lọ ní máìlì 20 láàárín wákàtí, tó o wá sọ ọ́ di 40, agbára tí òkúta yẹn á fi gbá gíláàsì kì í ṣe ìlọ́po méjì o, ìlọ́po mẹ́rin ni. Pátákó 20 tí káńsù ń gbé sójú títì bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Ìgbà tí ilẹ̀ bá gbóná ni wọ́n sì máa ń ṣe iṣẹ́ yẹn, bíi láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹsàn-án, torí ọ̀dà kì í di òkúta mú nínú òtútù, ìgbà yẹn gan-an làwa náà ń gbé ọkọ̀ wa jáde. Òun la fi máa ń pàdé.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, lójú ọ̀nà tí wọn ò tíì da ọ̀dà sí, tí bàbá mi bá rí mọ́tò tó ń bọ̀, wọ́n á na ọwọ́ kan, wọ́n á fi ìka ti gíláàsì iwájú látinú títí mọ́tò yẹn á fi kọjá, kó má bàa gbọ̀n tí òkúta bá bà á. Iná tó wà níta lórí bọ́ńpà ò ní ẹni tó máa bá a fọwọ́ tì í.

Ohun tí mo máa ń bi gbogbo ẹni tó bá béèrè ọ̀rọ̀ yìí ni pé, ìgbà wo lo tan iná yẹn kẹ́yìn? Tèmi, bóyá ni mo fi ń tàn án ju alẹ́ mẹ́rin lọ́dún. Gbogbo ọjọ́ yòókù, ọ̀sán gangan ni, ìhòòhò ló wà níwájú ọkọ̀, ó kàn ń gba òkúta ni, kò ṣiṣẹ́ kankan. Bò ó! Má wulẹ̀ wá ohun tí ìmọ́lẹ̀ lè gbà kọjá, fi nǹkan tó nípọn bò ó dúdú, tó bá di alẹ́ kó o ṣí i. Àwọn tó ṣe iná yìí ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó pẹ́, Cibié ti ilẹ̀ Faransé ní kọ́fà ike tiwọn, Marchal náà ní, àwọn tó ń lo orí ológbò bí àmì. Tó o bá rí ojúlówó tó bá iná tìẹ mu, rà á. Tó ò bá rí i, rán an.

Ìyá_Spitfire
Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n tèmi ò lè rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe lọ́sibítù, tó bá ti di sọ́mà ọkọ̀ Triumph Spitfire mi ni mo fi ń lọ, abúlé la sì ń gbé, kò síná ojú títì, mi ò lè máa sọ̀kalẹ̀ ṣí kọ́fà nínú òjò láago mẹ́wàá alẹ́. Fíìmù ni mo lò, ó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí.

Àbúrò mi, kì í ṣe fíìmù tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ o, ìyẹn kì í sábà ju mílímítà 0.2 lọ, ti iná nípọn tó 0.3, sọ fún ẹni tó ń tà á pé ti gíláàsì iná lo fẹ́. Fọ iná náà, fi sípírítì nù ún kó má sí ọ̀rá kankan lójú ẹ̀. Gé fíìmù yẹn kó fẹ̀ ju ojú iná lọ díẹ̀. Bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú ìgò tó ń fọ́n, kán ọṣẹ ìfọrí ọmọdé sí i bíi ẹ̀kán mẹ́ta, fọ́n ọn sára gíláàsì, fọ́n ọn sára ojú tó ń lẹ̀ náà, má bẹ̀rù omi, omi yẹn ló máa jẹ́ kó o lè sún un síbi tó o fẹ́. Gbé e lé àárín, kó o wá mú káàdì tó o fi aṣọ múlọ́múlọ́ wé, máa fi ti omi jáde láti àárín lọ sí etí. Tí gíláàsì bá tẹ́jú, kíá lo máa ṣe é tán. Tó bá yọ bí ikùn ìkòkò bíi tèmi, etí fíìmù á máa ká jọ, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Gbé dráyà irun sún mọ́ ọn, jẹ́ kó rọ̀, kó o máa fà á bí ẹni ń na gèlè, díẹ̀díẹ̀, yí ká. Èyí àkọ́kọ́ tí mo ṣe, mo kánjú, ó ká níbi mẹ́ta, mo ya á dànù mo tún un ṣe.

Tí mo bá fi ìka ra ojú ẹ̀ báyìí, mo máa ń mọ ibi tí òkúta ti bà á, ó ń rí ṣóńṣó ṣóńṣó bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ, gíláàsì abẹ́ ẹ̀ sì wà lódidi. Ṣùgbọ́n má ra èyí tó bá ti pọ́ọ́kú jù. Mo ra irú ẹ̀ rí, kí ọdún tó yípo ó ti pọ́n bí epo. Wáàtì 55 ni gílóòbù tèmi o. Ẹnì kan tí mo mọ̀ fi 100 sí tiẹ̀, fíìmù náà wú léféléfé láàárín ojú iná.

Mẹkáníìkì_Leeds
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti nẹ́ẹ̀tì torí gbogbo èèyàn ló fẹ́ràn ẹ̀. Ó bá ọkọ̀ àtijọ́ mu lóòótọ́, ẹ máa rí i lójú iná àwọn Jaguar àti Austin-Healey ayé ọdún 1950, ó rẹwà, mi ò bá yín jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò ẹ̀ wò. Ká ní wáyà ẹ̀ nípọn mílímítà 1, ihò ẹ̀ fẹ̀ tó 9. Nínú ìmọ́lẹ̀ 100, 81 ló máa kọjá, 19 ti wọ́gbó nìyẹn. Òkúta tí wọ́n ń fọ́n sójú títì wá ńkọ́? Ti mílímítà 6 wà, ti 10 wà. Ti 10, nẹ́ẹ̀tì yẹn á dá a dúró. Ti 6 á kọjá bí ẹni ń wọlé bàbá ẹ̀. Ẹ bá ní kí ẹ dín ihò kù sí 5, ìmọ́lẹ̀ tó máa kọjá ò ní pé 70, iná tí ẹ fi owó gidi rà láti ríran jìnnà ti wá di àtùpà. Èmi kì í bá oníbàárà fi í sí iná ọ̀nà jíjìn àfi tó bá jẹ́ ẹ̀ṣọ́ nìkan ló fẹ́ fi ṣe.

Ike lèmi fẹ́ràn. Polycarbonate ni kẹ́ ẹ béèrè, mílímítà 3. Wọ́n á fẹ́ ta acrylic fún yín, ó jọ ọ́, ó tiẹ̀ mọ́ ju polycarbonate lọ, oòrùn kì í sì í tètè sọ ọ́ di pupa, àmọ́ tí òkúta bá gbá a dáadáa ó máa ń sán ni. Polycarbonate, ẹ fi hámà lù ú, á kàn fọ́nu sí yín ni. Àbùkù tiẹ̀ ni pé nǹkan tètè ń ha á, oòrùn sì ń pọ́n ọn, ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ra èyí tí wọ́n ti fi nǹkan kùn ní ojú kan nítorí oòrùn, ojú yẹn ló gbọ́dọ̀ kọ síta, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀rá tó wà lára ẹ̀ kí ẹ tó bó o. Ẹ má fi pẹtiróòlù nù ún láé. Mo ti rí ẹni tó fi pẹtiróòlù nu ọ̀dà kúrò lára tiẹ̀, ara ike yẹn ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ilẹ̀ odò tó gbẹ. Omi àti ọṣẹ ti tó.

Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú gíláàsì. Ẹ fi rọ́bà gbé e kúrò lára ẹ̀ bíi mílímítà 10 kí atẹ́gùn lè máa gba ibẹ̀, torí gílóòbù H3 máa ń gbóná gan-an, tí ooru ò bá ríbi lọ, omi òjò á máa ṣe èéfín síbẹ̀, ẹ ò ní ríran. Bíi 88 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ ló ń kọjá nínú ike yẹn, ó sàn ju nẹ́ẹ̀tì lọ dáadáa, kò sì sí òkúta tó máa bá ihò kankan kọjá.

Nǹkan kan tún wà o. MGB tí wọ́n bá to iná ńlá méjì síwájú ẹ̀, ó ti dí apá kan atẹ́gùn rédíétọ̀ nìyẹn. Tí ẹ bá wá fi pátákó ike fífẹ̀ gbọ̀ngbọ̀nràn bo méjèèjì pọ̀, nínú gosíló lọ́jọ́ tí oòrùn mú, ẹ máa rí abẹ́rẹ́ ìgbóná tó ń gòkè. Ẹ gé e ní róbótó, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún iná kọ̀ọ̀kan, kó má fẹ̀ ju ojú iná lọ.

MGB_Aláwọ̀Ewé
Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín. Ẹ̀gbọ́n Kent, kí n má purọ́ fún yín, mi ò jìnnà sí i tó. Èyí tó ti ya yìí ńkọ́, ṣé ó ṣì ṣeé tọ́jú? Wọ́n ní rẹ́sìn tí wọ́n fi ń tún gíláàsì iwájú mọ́tò ṣe lè dí i.

Mẹkáníìkì_Leeds
Ó lè dí i tí ìlà yẹn ò bá tíì dé etí. Tó bá ti dé etí, ẹ wá gíláàsì míì. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lé omi jáde. Ẹ tú súkúrúù ìsàlẹ̀, ẹ yọ ojú iná náà, ẹ gbé e síbi tó móoru di ọjọ́ kejì. Ẹ má fi aṣọ nu dígí tó wà lẹ́yìn gílóòbù, ẹ má fi ìka kàn án rárá, ohun dídán tí wọ́n fi bo ojú ẹ̀ fẹ́lẹ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ, mo ti rí ẹni tó nu tiẹ̀ kó lè dán, ó nu ún dànù ni. Bákan náà gílóòbù H3, ẹ fi aṣọ mú un, ọ̀rá ọwọ́ máa ń jó mọ́ ọn lára.

Tó bá ti gbẹ, ẹ kán rẹ́sìn sójú ibi tó fọ́ yẹn, ẹ jẹ́ kó rìn wọ inú ìlà náà, ẹ gbé e sóòrùn kó gan. Oòrùn ibí ò le, ẹ fún un láyè. Kì í jẹ́ kí ìlà yẹn rìn sí i, kò sì ní jẹ́ kí omi wọlé, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé gíláàsì ti padà bọ̀ sípò, òkúta míì níbẹ̀ á parí ẹ̀. Ẹ lẹ fíìmù Mọ́mì Spitfire lé e lórí lọ́jọ́ tí ẹ bá dí i tán. Ẹ sì wo ìsàlẹ̀ iná náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ihò kékeré tí omi ń gbà jáde. Tí ẹni tó kọ́kọ́ gbé e síbẹ̀ bá dorí ẹ̀ kodò, ihò yẹn á wà lókè, ẹ̀yin lẹ ń bu omi sí i nìyẹn.

Mini_Manchester
Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Gbogbo ohun tí Ẹ̀gbọ́n Kent sọ nípa kọ́fà dúdú yẹn, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sáré rálì ló ti wá. Iná mẹ́rin, iná márùn-ún níwájú Mini kékeré, tó bá jẹ́ ọ̀sán wọ́n á dé wọn ní fìlà, tí ilẹ̀ bá ṣú wọ́n á ṣí wọn. Ọ̀rọ̀ iná ò sì kéré lọ́dọ̀ wọn o. Ní Monte Carlo ọdún 1966, Mini ló gba ipò kìíní, ìkejì àti ìkẹta, wọ́n lé gbogbo wọn dànù torí irú gílóòbù tó wà nínú iná iwájú wọn, bí wọ́n ṣe gbé e fún Citroën nìyẹn. Ó ṣì ń dùn mí, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì bí mi nígbà yẹn.

Ìyẹn ló rán mi létí. Àbúrò, tó o bá tú iná yẹn tán tó o fẹ́ dá a padà, wo wáyà ẹ̀ dáadáa. Iná ọ̀nà jíjìn gbọ́dọ̀ kú nígbà tó o bá rẹ iná iwájú sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀, òfin ni. Ti kùrukùru, ìgbà tí o ò bá lè ríran jìnnà nìkan ni, tí kò tó mítà 100. Fi rílé sí i, ìyẹn súwíìṣì tí iná díẹ̀ ń ṣí fún iná tó pọ̀, má jẹ́ kí iná gba inú súwíìṣì àtijọ́ yẹn kọjá tààrà, méjì wáàtì 55, ó ju áńpíà 9 lọ.

Ìyá_Spitfire
Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè kan. Tí èèyàn bá gbàgbé kọ́fà dúdú yẹn sórí iná tó wá tàn án ńkọ́? Ojú mi ló ṣe o, ọkọ àbúrò mi, kọ́fà ike ẹ̀ rọ̀ sójú gíláàsì bí ṣúgà tó yọ́, ọ̀bẹ ni wọ́n fi há a kúrò.

Ẹ̀gbọ́n_Kent
Ìbéèrè gidi nìyẹn. Èmi máa ń yọ fíúsì iná yẹn nígbà tí mo bá dé e. Mo so fíúsì náà mọ́ okùn pupa, mo fi kọ́ sára kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Tí mo bá ti rí okùn pupa, mo mọ̀ pé wọ́n ṣì wà nínú fìlà. Mi ò tíì gbàgbé rí láti ìgbà tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Awakọ̀_Swansea
Ẹ forí jì mí, ó dà bíi pé gbogbo wa ń sọ ti òkúta tí wọ́n ń jù lù wá, àwa náà ń jù ú o. Nígbà tí a bá tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lọ síbi tí wọ́n ń ṣàfihàn ọkọ̀, tí a fẹ́ kí wọ́n rí wa pọ̀, ẹ wo bí a ṣe ń sún mọ́ra wa. Lọ́dún tó kọjá táyà tèmi ló ju òkúta lu iná ọ̀rẹ́ mi tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo san owó gíláàsì yẹn, ṣùgbọ́n ojú tì mí. Láti ìgbà yẹn mo ti fi rọ́bà sẹ́yìn táyà ẹ̀yìn mi méjèèjì. Rọ́bà yẹn ò dáàbò bo iná tèmi o, ti ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló wà fún. Tí a bá sì dé títì olókúta, a máa ń fi àyè sílẹ̀ tí mọ́tò márùn-ún lè wọ̀, a ò bìkítà bí fọ́tò ṣe máa rí.

MGB_Aláwọ̀Ewé
Ẹ kú àárọ̀ gbogbo ilé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, mo ní kí n wá jábọ̀. Mo gbẹ iná ọwọ́ òsì, mo dí i pẹ̀lú rẹ́sìn, ìlà yẹn ṣì wà tí èèyàn bá tẹjú mọ́ ọn ṣùgbọ́n omi ò wọlé mọ́. Ihò omi wà lókè lóòótọ́! Ẹni tó ni ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀ ló gbé e kọ́ bẹ́ẹ̀, mo ti dá a padà. Fíìmù ti wà lójú méjèèjì. Gíláàsì tèmi tẹ́jú díẹ̀, kò fún mi ní wàhálà bí ti Mọ́mì, àfi ẹ̀kán atẹ́gùn kan tó há sábẹ́ ẹ̀ lápá ọ̀tún.

Kọ́fà, ìyàwó mi ló rán an. Aṣọ rọ́bà táwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun ń wọ̀, ti mílímítà 5, a rà á ní àlòkù torí ẹsẹ̀ ẹ̀ ti ya, a gé ẹ̀yìn ẹ̀. Ó gbé àwo oúnjẹ lé e, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí i ká, ó fi aṣọ onírun sínú kó má bàa ha fíìmù, ó wá fi rọ́bà tó ń fà sí etí ẹ̀, ó dé iná náà gírígírí bíi fìlà gọ̀bì. Mo gbé e gba M1 lọ Leeds mo bọ̀, máìlì tó lé ní 300, mo fún gbogbo tírélà láyè. Mo kọ́ fíúsì sára kọ́kọ́rọ́ bí Ẹ̀gbọ́n ṣe sọ, okùn tèmi àwọ̀ ewé ni. Nígbà tí mo délé mo yọ kọ́fà ọwọ́ ọ̀tún sábẹ́ iná gáréèjì, mo ka ojú òkúta mẹ́rin lára ẹ̀, ọ̀kan jìn tó èékánná. Mo ṣí i, gíláàsì abẹ́ ẹ̀ ń dán.

Ẹ̀gbọ́n_Kent
O káre. Bá mi kí ìyàwó ẹ, sọ fún un pé mo fẹ́ méjì, ti ìnṣì 7. Màá san owó.

Ìyá_Spitfire
Àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Nǹkan kan péré, máa yọ kọ́fà yẹn lẹ́yìn òjò kó o gbọ̀n ọ́n nù, kó o fọ inú ẹ̀. Iyanrìn àti iyọ̀ ojú títì máa ń gba etí ẹ̀ wọlé, tó bá wà láàárín aṣọ àti fíìmù tí ọkọ̀ ń gbọ̀n, á máa yún un bíi páálí tí káfíńtà fi ń yún igi. Èmi ló ṣẹlẹ̀ sí pẹ̀lú èyí tí mo fi ń bò ó nígbà òtútù. Tí aṣọ náà ò bá sì tíì gbẹ, má dá a padà sórí iná di ọjọ́ kejì.